Ṣọ́ọ̀ṣì Ayé Fikitória: Òfin Ti Dáàbò Bò Ó, Ta Ni Yóò Tún Òrùlé Ṣe?

Títí di nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn, bí ọ̀mọ̀wé kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá fẹ́ bẹnu àtẹ́ lu ilé kan, ó tó kó sọ pé ilé ayé Fikitória ni. Lójú wọn, irú ilé bẹ́ẹ̀ ti wúwo jù, ọnà ara rẹ̀ ti pọ̀ jù, èéfín ilé iṣẹ́ sì ti sọ òkúta rẹ̀ di dúdú kirikiri. Ṣọ́ọ̀ṣì ló jìyà èrò yìí jù. Bọ́ǹbù ba ṣọ́ọ̀ṣì St Agnes ní Kennington, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, jẹ́ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. George Gilbert Scott kékeré ló ya àwòrán ilé náà, àwọn tó mọ̀ nípa ilé kíkọ́ sì gbà pé ó ṣeé tún ṣe. Wọn ò tún un ṣe. Wọ́n wó o ní 1953. Lónìí, ẹni tó bá wó ilé tó wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ àjogúnbá láìgbàṣẹ lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún méjì, owó ìtanràn rẹ̀ ò sì ní òǹkà.

Báwo lojú ṣe yí padà tó bẹ́ẹ̀? Kí sì ni ààbò tí wọ́n ń fún àwọn ṣọ́ọ̀ṣì yìí ń ṣe gan-an? Ìbéèrè kejì ló jẹ mí lógún jù, torí ọ̀pọ̀ ènìyàn ló rò pé bí orúkọ ilé bá ti wọ ìwé, ó bùṣe. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin sọ ohun tí onílé kò gbọdọ̀ ṣe. Kò sọ ẹni tí yóò san owó ohun tó gbọ́dọ̀ ṣe. Àárín gbólóhùn méjèèjì yìí ni òjò ti ń wọlé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe pọ̀ tó. Ní 1818, ìlú ń kún fún àwọn tó ń ti oko wá ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ òwú àti irin, ṣọ́ọ̀ṣì ò sì tó. Ìgbìmọ̀ aṣòfin ya mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn sọ́tọ̀ láti kọ́ tuntun, wọ́n sì tún fi ìdajì mílíọ̀nù kún un ní 1824. Owó ìjọba yẹn kàn ṣí ilẹ̀kùn ni. Nígbà tí Ọbabìnrin Fikitória fi máa gorí oyè ní 1837, àwọn olówó, àwọn onílé iṣẹ́ àti ìyá àgbà tó fẹ́ fi nǹkan ṣe ìrántí ọkọ rẹ̀ ti ń dá owó jọ. Ìdíje wà nínú ẹ̀ pẹ̀lú: bí àwọn Mẹ́tọ́díìsì bá kọ́ ilé ìsìn sí òpin òpópónà, ìjọ Áńgílíkà ò ní gbà kí tiwọn kéré. Ayàwòrán ilé Pugin, tó ti di Kátólíìkì, kọ̀wé pé àrà ìgbà àtijọ́ nìkan ló yẹ ilé Ọlọ́run. Àwọn ọ̀dọ́ ní Cambridge dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 1839 láti máa kọ́ àlùfáà bí pẹpẹ ṣe gbọ́dọ̀ ga tó àti ibi tí akọrin gbọ́dọ̀ jókòó sí. Ayé yẹn kan náà ni wọ́n fi Àjàyí Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury, ní 1864. Ìtara tó ń rán míṣọ́nnárì wá sí Abẹ́òkúta ló ń kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì sí Bolton àti Leeds.

Àwọn tó kọ́ wọn yìí náà kì í ṣe ẹni mímọ́ nínú ọ̀rọ̀ ààbò. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ tuntun ni wọ́n ń ya ara ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́, tí wọ́n ń yọ fèrèsé tó ti pé ọgọ́rùn-ún ọdún mẹ́ta, tí wọ́n ń fi èyí tó wù wọ́n rọ́pò rẹ̀, tí wọ́n á ní àwọn ń dá ilé padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. William Morris bínú sí àṣà yìí débi pé ó dá ẹgbẹ́ aláàbò sílẹ̀ ní 1877, nígbà tó gbọ́ ohun tí Scott àgbà, bàbá Scott tó ya St Agnes, fẹ́ ṣe sí ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Tewkesbury. Lónìí, gíláàsì aláràbarà tí ilé iṣẹ́ Morris fúnra rẹ̀ ṣe wà lára ìdí tí a fi ń dáàbò bo ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ayé Fikitória.

Òfin tó bí ìwé àkọsílẹ̀ òde òní jáde ní 1947. Àwọn tó kọ́kọ́ lọ káàkiri láti kọ orúkọ ilé fẹ́ràn ohun tó ti gbó. Tí ọjọ́ orí ilé bá ti sún mọ́ ti ìyá wọn àgbà, wọ́n á kọjá lára rẹ̀. Èyí ló mú kí wọ́n dá Ẹgbẹ́ Fikitória sílẹ̀ ní 1958. Nikolaus Pevsner, tí wọ́n bí sí Jámánì, wà lára àwọn òpó ẹgbẹ́ náà. Àjèjì ló wá fi ẹwà ilé wọn han àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Akéwì John Betjeman náà wà níbẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ tí wọ́n wó ẹnu ọ̀nà ńlá ibùdókọ̀ ojú irin Euston, ìbínú ìyẹn ló sì jẹ́ kí gbogbo ìlú tẹ́tí. Ní àwọn ọdún 1970, àbá wà pé kí wọ́n wó Holy Trinity ní Sloane Street, tí Sedding kọ́ láàrin 1888 sí 1890, ilé tí fèrèsé ìlà oòrùn rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ Burne-Jones àti Morris. Betjeman àti ẹgbẹ́ rẹ̀ pariwo, ilé náà sì dúró títí di òní. Ní 1977, ilé àkójọ Victoria àti Albert ní Lọ́ńdọ̀nù ṣe àfihàn ńlá lórí ewu tó ń bọ̀ wá bá ṣọ́ọ̀ṣì, ọdún yẹn gan-an ni ìjọba sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ṣì ń lò lówó àtúnṣe.

Ọ̀nà tí ilé ń gbà wọ inú ìwé kò le lójú ara rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ló lè kọ̀wé sí àjọ àjogúnbá Historic England, ì báà jẹ́ ọmọ ìjọ, ì báà jẹ́ aládùúgbò tí kì í wọ ṣọ́ọ̀ṣì rárá. Wọ́n á rán ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀ lọ wò ó, wọ́n á gba mínísítà ọ̀rọ̀ àṣà nímọ̀ràn, mínísítà ló sì ń pinnu. Ohun méjì ni wọ́n ń wò: ọnà ilé náà àti ìtàn rẹ̀. Ìpele mẹ́ta ló wà, Ìpele Kìíní, Ìpele Kejì oníràwọ̀, àti Ìpele Kejì lásán tó kó nǹkan bí ìdá 92 nínú 100 gbogbo ilé tó wà nínú ìwé. Ibi tó ti kan àwọn ṣọ́ọ̀ṣì tá à ń sọ ni pé ilé tí wọ́n kọ́ ṣáájú 1850 tí kò yí padà púpọ̀ kì í sábà pàdánù, ṣùgbọ́n lẹ́yìn 1850 wọ́n ń ṣà wọ́n ni, nítorí wọ́n pọ̀. All Saints ní Margaret Street tí Butterfield kọ́, àti St Augustine ti Pearson ní Kilburn, Ìpele Kìíní ni wọ́n, kò sẹ́ni tó ń jiyàn ìyẹn. Ṣọ́ọ̀ṣì oníbíríkì pupa ní àdúgbò òṣìṣẹ́, tí ayàwòrán ilé tí kò lókìkí kọ́ ní 1883, ló wà nínú ewu. Ó lè dára, kó má sì dára tó.

Tí ó bá wá wọlé, ààbò náà gbòòrò ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Iwájú ilé nìkan kọ́ ló wà fún. Inú àti ẹ̀yìn ni, pẹ̀lú ohunkóhun tó ti wà nínú ọgbà ilé náà láti ṣáájú oṣù keje 1948: ògiri ọgbà, ẹnu géètì, àtùpà irin tó dúró létí ọ̀nà.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti wá di ti ìjọ. Ní 1913, nígbà tí ìjọba fẹ́ fi òfin dáàbò bo àwọn ilé àtijọ́, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Randall Davidson ti Canterbury ní kí wọ́n fi ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, ìjọ yóò máa bójú tó ilé ara rẹ̀. Wọ́n gbà fún un, àdéhùn yẹn ò sì tíì yẹ̀. Títí dòní, ìjọ Áńgílíkà, Kátólíìkì, Mẹ́tọ́díìsì, Onítẹ̀bọmi àti United Reformed kò nílò àṣẹ káńsù kí wọ́n tó yí inú ilé ìsìn tí wọ́n ń lò padà. Àwọn Áńgílíkà ní ilé ẹjọ́ tiwọn. Wọ́dìn tó bá fẹ́ yọ bẹ́ǹṣì ogún ní láti gba ìwé àṣẹ tí wọ́n ń pè ní faculty lọ́wọ́ Ṣánṣẹ́lọ̀, adájọ́ daósísì, ìgbìmọ̀ amọ̀ràn yóò yẹ̀ ẹ́ wò, Ẹgbẹ́ Fikitória náà yóò sì fi èrò tirẹ̀ ránṣẹ́, tó sábà máa ń jẹ́ pé kí wọ́n má yọ wọ́n. Ẹjọ́ tí wọ́n ń tọ́ka sí jù nínú irú ọ̀rọ̀ yìí ni ti St Alkmund ní Duffield, ní 2012, lórí ìgànná onígi ayé Fikitória tó dá àwọn akọrin sí ọ̀tọ̀. Ilé ẹjọ́ gíga ti ìjọ to ìbéèrè tí Ṣánṣẹ́lọ̀ gbọ́dọ̀ dáhùn: ṣé àyípadà náà yóò pa iyì ilé lára? Báwo ni ìpalára náà ṣe wúwo tó? Ṣé àǹfààní tí ará ìlú máa rí níbẹ̀ ju ìpalára náà lọ? Ìbéèrè tó dára ni. Àmọ́ mo ti rí i pé ọ̀rọ̀ bẹ́ǹṣì ló ń gba ọkàn àwọn tó ń jà fún àjogúnbá, nígbà tó jẹ́ pé bẹ́ǹṣì kọ́ ló ń wó ilé.

Omi ló ń wó o. Àwọn ayàwòrán ilé ayé Fikitória fẹ́ràn òrùlé tó gbé ara lé òrùlé, wọ́n sì fẹ́ràn láti fi ògiri kékeré bo ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí gọ́tà má bàa hàn. Gọ́tà òjé wà ní kòtò àárín òrùlé méjì, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti rí i láti ilẹ̀. Ewé igi á já sí i, ẹyẹlé á kú sí i, omi á dúró, yóò sì wá ọ̀nà gba abẹ́ òjé náà wọ orí igi àjà. Ó lè tó ọdún mẹ́rin kí ẹnì kan nínú ìjọ tó rí àmì aláwọ̀ ilẹ̀ kan lára ògiri lókè dùùrù. Nígbà yẹn igi ti jẹrà. Síléètì láti Wales lè lo ọgọ́rùn-ún ọdún kó má ṣe nǹkan kan. Ìṣó irin tó dì í mú ni ìpẹtà máa ń jẹ tán, tí síléètì á wá máa já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìṣòro kẹta ni ti àwọn baba wa tó fẹ́ ṣe rere: ní nǹkan bí 1960 wọ́n pe bíríkìlà, ó fi sìmẹ́ńtì líle dí àárín òkúta tó rọ̀. Omi tó yẹ kó máa gba àárín òkúta jáde wá ń gba ara òkúta fúnra rẹ̀, tí yìnyín bá sì dé, ojú òkúta á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí bí èèpo àlùbọ́sà. Àwọn olè òjé náà ò jẹ́ kó sinmi. Wọ́n pọ̀ débi pé òfin 2013 fi dè é kí ẹnikẹ́ni má fi owó ọwọ́ ra irin àlòkù mọ́.

Láti 1955, ìjọ Áńgílíkà ti ní òfin pé kí ayàwòrán ilé máa yẹ gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì wò lọ́dún márùn-ún márùn-ún. Mi ò mọ òfin àjogúnbá kankan tó ṣiṣẹ́ tó o. Ìwé rẹ̀ máa ń sọ pé: èyí kò gbọdọ̀ dúró, èyí lè dúró ọdún méjì, èyí ẹ máa wò ó. Ìṣòro ni pé ìwé náà á dé iwájú ìgbìmọ̀ ìjọ tó ní àgbàlagbà mẹ́jọ, tí mẹ́ta nínú wọn ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún, tí owó àpótí wọn lọ́sẹ̀ ò sì tó ra agbọ̀n síléètì kan. Bẹ́ẹ̀ làwọn àdán tó wọ orí àjà láti 1970 ní òfin tiwọn tó ń dáàbò bò wọ́n. Ẹ ò gbọdọ̀ lé wọn, bí wọ́n tilẹ̀ ń tọ̀ sórí aṣọ pẹpẹ.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ owó náà. Ẹni tó bá kọ́ ilé gbígbé tuntun ní Bìrìtìkó kò san owó orí ọjà lórí rẹ̀. Ẹni tó bá tún ilé àjogúnbá ṣe ń san ìdá 20 nínú 100. Ìjọba mọ̀ pé kò tọ́, nítorí náà ni wọ́n ṣe dá ètò kan sílẹ̀ ní 2001 láti dá owó orí yìí padà fún ilé ìsìn tó wà nínú ìwé. Ní 2025 wọ́n fi ààlà sí i: kò sí ilé ìsìn tí yóò gbà ju 25,000 pọ́n-ùn lọ lọ́dún, àpapọ̀ owó ọdún náà fún gbogbo orílẹ̀-èdè sì di mílíọ̀nù 23 pọ́n-ùn, nígbà tó jẹ́ pé ó máa ń tó mílíọ̀nù 42 tẹ́lẹ̀. Òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì ńlá kan ṣoṣo lè jẹ ìdajì mílíọ̀nù. Ìjọ Áńgílíkà nìkan ní nǹkan bí 16,000 ṣọ́ọ̀ṣì, nǹkan bí 12,500 nínú wọn ló sì wà nínú ìwé. Ilé ìsìn tí Historic England kọ sínú àkọsílẹ̀ àwọn tó wà nínú ewu ti lé ní 900. Ìjọba tó ní kí o má wó ilé, kó tún gba owó orí lọ́wọ́ rẹ nítorí pé o tún un ṣe, kò tíì pinnu ohun tó fẹ́.

Ṣọ́ọ̀ṣì tó bá ti wá kúrò lọ́wọ́ ìjọ ńkọ́? Láti 1969, nǹkan bí 2,000 ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà ni wọ́n ti tì. Àwọn kan di ilé gbígbé, wọ́n sì wó àwọn kan. Churches Conservation Trust ń tọ́jú èyí tó lé ní 350, ìjọ àti ìjọba ló jọ ń náwó rẹ̀. Ní Ardwick, Manchester, St Benedict tí ayàwòrán ilé kan tó ń jẹ́ J. S. Crowther kọ́ ní 1880 (kò bá Àjàyí tan rárá) ti di ibi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń kọ́ bí a ṣe ń gun àpáta, wọ́n ń fi okùn so ara wọn mọ́ ògiri lábẹ́ àjà tí wọ́n kọ́ fún orin. Inú àwọn kan ò dùn sí i. Mo gbà pé ó sàn ju kí ó wó lọ, pàápàá bó ṣe jẹ́ pé wọ́n lè tú àwọn ohun tí wọ́n gbé sínú rẹ̀ kúrò lọ́jọ́ iwájú.

Èyí tó wù mí jù wà ní Bolton. All Souls, Paley àti Austin ló yà á, wọ́n parí rẹ̀ ní 1881 pẹ̀lú owó ìdílé Greenhalgh, àwọn onílé iṣẹ́ òwú, láàrin ilé àwọn tó ń ṣiṣẹ́ fún wọn. Ó ti wọ Ìpele Kejì oníràwọ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ òwú kú, àdúgbò yí padà, àwọn tó ń gbé yí i ká wá di ìdílé Mùsùlùmí láti Íńdíà àti Pakistan. Ní 1986 wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì náà. Fún ọdún púpọ̀ ni ìwé àkọsílẹ̀ dáàbò bò ó, tí àwọn ọmọ àdúgbò ń sọ òkò lu fèrèsé rẹ̀, tí ẹyẹlé ń gbé inú rẹ̀. Kò ní ẹ̀mí títí Mùsùlùmí àdúgbò kan fi dìde pé ilé àwọn ni, kí wọ́n wá ohun tí wọ́n á fi ṣe. Ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin pọ́n-ùn tí wọ́n ná, púpọ̀ rẹ̀ láti owó lọ́tìrì. Wọ́n gbé yàrá ìgbàlódé sínú gbọ̀ngàn, láìjẹ́ kó gbára lé ògiri àtijọ́. Ní ìparí 2014 ni wọ́n ṣí i, fún ìpàdé, ìkẹ́kọ̀ọ́ àti ilé oúnjẹ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí bó ṣe tò: ìwé ló jẹ́ kí ilé náà pẹ́ tó láti rí ẹni tó nílò rẹ̀. Ìyẹn ni iṣẹ́ tí ààbò ń ṣe dáadáa jù, ó ń ra àkókò.

Ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn tó nílò irú ilé bẹ́ẹ̀ ni àwa. Ìwádìí tí Yunifásítì Roehampton gbé jáde ní 2013 ka 240 ìjọ aláwọ̀ dúdú ní Southwark nìkan, ẹni tó bá sì gba Peckham kọjá láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi mọ irú èdè tó máa gbọ́. Àwọn ìjọ wa kan ń gbé ilé ìtajà àti gbọ̀ngàn ilé iṣẹ́ àtijọ́, àwọn kan ń háyà ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà lọ́sàn-án, àwọn kan sì ti dáwó ra ilé ayé Fikitória odindi. Àwọn wọ̀nyí ló ń bọ́ sínú àwọ̀n tí wọn ò mọ̀. Ẹ rántí àdéhùn Davidson: orúkọ Ridíìmù, Sẹ̀lẹ̀, àti Kérúbù àti Séráfù kò sí lára àwọn ìjọ tí òfin yọ sílẹ̀. Ilé kan náà tí fíkà Áńgílíkà lè yí inú rẹ̀ padà nípa ilé ẹjọ́ ìjọ, bó bá ti bọ́ sọ́wọ́ wa, káńsù la gbọ́dọ̀ tọ̀ lọ. Tí a bá fẹ́ fi ilẹ̀kùn tuntun sí i, tí a fẹ́ gbé pẹpẹ sún, tí a fẹ́ fi iná àgbélébùú sí orí ilé agogo, káńsù ni. Mo rò pé kò tọ́: àwọn ìjọ yìí ti tó dá ìgbìmọ̀ tiwọn sílẹ̀ kí wọ́n bẹ̀bẹ̀ fún àǹfààní kan náà, ṣùgbọ́n wọ́n á ní láti fi hàn pé ẹnì kan ń gun òkè lọ wo gọ́tà.

Ẹ wo àpẹẹrẹ kan péré bí a ṣe ń bọ́ sínú àwọ̀n náà. Ilẹ̀ ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ayé Fikitória jẹ́ táìlì alárà tí wọ́n sun àwọ̀ mọ́, pupa, ofeefee, dúdú, tó tutù bí yìnyín. Àwọn aláṣọ funfun ń bọ́ bàtà wọlé. Kí ẹsẹ̀ ìyá àgbà má bàa tutù, wọ́n á fi àtè lẹ kápẹ́ẹ̀tì onírọ́bà mọ́ ilẹ̀ látòkè dé ìsàlẹ̀. Ọ̀rinrin tó ń ti abẹ́ táìlì jáde kò ní ibi gbà mọ́, ó ń jẹ òkè táìlì, àtè náà sì ń bá àwọ̀ rẹ̀ lọ lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ ká a. Ní ojú òfin, ẹ ti ba ilé àjogúnbá jẹ́. Kápẹ́ẹ̀tì onírun tí wọ́n kàn tẹ́ sílẹ̀, tí afẹ́fẹ́ ń gba abẹ́ rẹ̀, ń ṣe iṣẹ́ kan náà, kò sì ná ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nítorí náà, kí ìjọ tó fọwọ́ sí ìwé rírà ilé, ẹ béèrè fún ohun mẹ́rin lọ́wọ́ ẹni tó ń tà: ohun tí ìwé àkọsílẹ̀ sọ nípa ilé náà ní odindi, ìwé àyẹ̀wò ọdún márùn-ún tó kẹ́yìn, májẹ̀mú tí ìjọ tó ni ín tẹ́lẹ̀ fi kún títà rẹ̀, àti iye tí àtúnṣe òrùlé yóò jẹ gẹ́gẹ́ bí ayàwòrán ilé tó mọ̀ nípa òkúta, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí bíríkìlà tó wà nínú ìjọ. Ẹ fi iye ìkẹrin yẹn kún owó ilé. Bí ẹni tó ń tà bá ní òun ò rí ìwé àyẹ̀wò kankan, ẹ dúró de ọ̀sẹ̀ tí òjò bá rọ̀ gan-an, kí ẹ tún padà lọ wo inú ilé náà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì.